Hardy, Ọkùnrin Tó Ní Iṣẹ́ Òun Kò Wúlò

  Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nínú ìtàn, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni gbólóhùn kan tí gbogbo wa gbọ́ títí tí etí wa fi kún nínú kíláàsì ìṣirò: "Fi bí o ṣe ṣe é hàn!" Bí ìdáhùn rẹ tilẹ̀ tọ̀nà, tí o kò bá fi ọ̀nà tí o gbà débẹ̀ hàn, máàkì rẹ ti lọ nìyẹn. Àwa a sì máa kùn lábẹ́lẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìdáhùn ni wọ́n ń wá ni?

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dúró lórí gbólóhùn yẹn, kó tó wá di ọjọ́ kan tí ó pàdé ẹni tí kì í fi bí ó ṣe ṣe é hàn rárá. Godfrey Harold Hardy ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n G. H. Hardy ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní Cranleigh, ní agbègbè Surrey. Ọmọ tíṣà ni, ẹ̀yin tíṣà! Isaac bàbá rẹ̀ ń ṣe akápò ilé-ìwé Cranleigh, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán. Sophia ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Lincoln. Orí àwọn méjèèjì pé, ṣùgbọ́n àìsówó ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dé yunifásítì. Ọmọ wọn kò tí ì ju ọdún méjì lọ tó fi ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ títí dé mílíọ̀nù. Tí wọ́n bá mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà orin tí wọ́n bá kọ sára pátákó ni yóò máa tú palẹ̀ lọ́kàn, tí yóò máa wo iye tó lè pín in. Mo mọ̀ pé ó wà nínú wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àkókò ìwàásù, ẹ má wulẹ̀ sẹ́.

Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Gertrude. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Hardy ń fi igi kiríkẹ́ẹ̀tì ṣeré, igi náà bá ọmọbìnrin yìí lójú, ojú kan sì fọ́. Ojú onígíláàsì ni ó lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Àwọn méjèèjì kò gbéyàwó, wọn kò lọ́kọ, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn dọ́jọ́ alẹ́. Ẹ fi orúkọ Gertrude sọ́kàn, n óò padà sí i.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni Hardy fi wọ Winchester, ó sì tún fi wọ Trinity College ní Cambridge lọ́dún 1896. Ibẹ̀ ni ó ti bá ìdánwò kan pàdé tó ń jẹ́ Tripos. Wọn a to orúkọ àwọn tó yege láti ẹni kìíní títí dé ẹni ìkẹyìn, wọn a sì kà á síta. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, Senior Wrangler ni oyè rẹ̀, ìwé ìròyìn a sì gbé e bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun. Kí ọmọ tó lè rí ipò gidi mú, àfi kó lọ bá tíṣà lẹ́sìn. Èyí tó lókìkí jù nígbà náà ni Webb. Webb kò kọ́ wọn ní ìṣirò o, bí a ṣe ń sáré dáhùn ìbéèrè ló ń kọ́ wọn. Ó sú Hardy débi pé ó fẹ́ fi ìṣirò sílẹ̀ kó lọ ka ìtàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi math sílẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn oníṣẹ́ ọnà, ẹ ò rí i pé ẹ kò dá nìkan wà!

Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Love ló gbà á là. Ó ní kó lọ ka ìwé tí Jordan, ọmọ Faransé, kọ. Hardy sọ lẹ́yìn náà pé inú ìwé yẹn ni òun ti kọ́kọ́ mọ ohun tí mathimátíìkì ń jẹ́ gan-an. Ní 1898, ipò kẹrin ni ó mú. Ó ní ìdánwò náà kò já mọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ipò kẹrin yẹn ń dùn ún wọra. Ó wá bá wọn jà sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí Cambridge fi pa títo orúkọ ní ipòòpò tì. Ọdún 1909 ni wọ́n kà á kẹ́yìn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bá mi jiyàn níbi yìí, pé bí kò bá sí pósísọ̀n ọmọ kò ní kàwé. N kò lè dá ẹjọ́ náà. Mo kàn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ń jẹ́ Pure àti Applied. Applied ni ti àkàsọ̀ tó fara ti ògiri, òkúta tí wọ́n jù sókè, ọkọ̀ tó ń sáré tó fẹ́ dúró. Pure ni ìṣirò nítorí ìṣirò: kò bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Pure ni Hardy yàn. Kì í sì í ṣe pé ó yàn án nìkan, ó ń fi í yangàn. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ṣe ohunkóhun rí tó wúlò, àti pé kò jọ pé iṣẹ́ òun yóò ṣe ayé lóore tàbí ní ibi. Ó tiẹ̀ gbà pé ìwà mímọ́ ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè fi í jagun.

Ó dáa, ẹ wá wo ọdún 1908. Lọ́dún náà ni ó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde, *A Course of Pure Mathematics*, tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n yé méfò nínú ìṣirò, kí wọ́n máa fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ìwé náà kò tíì kúrò lórí àtẹ di òní. Lọ́dún yẹn kan náà, Punnett tí wọ́n jọ ń gbá kiríkẹ́ẹ̀tì mú ìṣòro kan wá fún un. Onímọ̀ nípa àjogúnbá ni Punnett. Àwọn kan ń jiyàn pé bí ìwà ara kan bá lágbára nínú ẹ̀jẹ̀, bí irú ìka kúkúrú tó ń ràn láti bàbá sí ọmọ, yóò máa pọ̀ sí i ni títí tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo èèyàn yóò fi ní in. Punnett mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe lè fi hàn.

Ìṣirò tí Hardy fi dá a lóhùn kò ju ohun tí ọmọ fọ́ọ̀mù mẹ́ta lè ṣe. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn *Science* ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní oṣù Keje ọdún náà. Ó tọrọ àforíjì níbẹ̀rẹ̀ pé òun ń dá sí ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ òun. Dókítà ará Jámánì kan, Weinberg, ti sọ ohun kan náà ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, Hardy kò sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kàn wá ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa la mọ jẹ́nótáìpù: AA, AS, SS. Ó ti di pé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn kì í so ọkọ àti aya pọ̀ láìrí ìwé rẹ̀, àwọn òbí sì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána. Àwọn kan wà nínú wa tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti wọ ilé wọn, wọn kò nílò kí n ṣàlàyé. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni ọmọ lè jẹ́ SS: ti Mendel nìyẹn. Ti Hardy jẹ́ ti gbogbo ìlú lápapọ̀. Ká ní nínú gbogbo jíìnì tó wà láàárín ìlú kan, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá jẹ́ A, ọ̀kan jẹ́ S. Ẹ fi mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án, ẹ ó rí 81 AA nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Mẹ́sàn-án lọ́nà ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 18 AS. Ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, SS kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ń fẹ́ ara wọn láìwo jẹ́nótáìpù, tí ohun mìíràn kò sì dá sí i, ìran tó ń bọ̀ yóò jẹ́ 81, 18 àti 1, ọmọ-ọmọ wọn náà bẹ́ẹ̀. Kò ní pọ̀ sí i, kò ní dín kù.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti le. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ SS kì í dàgbà débi tí wọn yóò bímọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí S ti máa tán lọ láàárín wa. Kí ló dé tí kò tán? Ohun mìíràn ń dá sí i ni. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ń pa àwọn ọmọ AA, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ AS pa. Ohun tí ibà ń mú lọ lọ́wọ́ kan ló dí ohun tí àrùn ń mú lọ lọ́wọ́ kejì. Ìṣirò Hardy ni òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọ́n fi mọ̀ pé ohun kan ń ti òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣírò iye AS tó wà nínú ìlú kan lónìí, lẹ́tà kúkúrú yẹn ló ń lò. Hardy kò tiẹ̀ kà á kún iṣẹ́.

Láti 1911, òun àti John Littlewood bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì ṣe é fún ọdún márùndínlógójì. Littlewood ni Senior Wrangler ti 1905. Àdéhùn wọn pa mí lẹ́rìn-ín. Èkíní, tí ọ̀kan bá kọ lẹ́tà sí èkejì, kò kàn án bóyá ohun tó kọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gba lẹ́tà kò jẹ gbèsè pé kó fèsì, kó tilẹ̀ kà á pàápàá. Wọn kò gbọdọ̀ ronú lórí ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni yóò sì wà lórí iṣẹ́, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan kò fi ọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ rò pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹgbẹ́ kankan dé ọdún kejì níhìn-ín? Tiwọn gbé wọn dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí wọ́n jọ kọ.

Ìgbà tó wá di oṣù Kìíní ọdún 1913, lẹ́tà kan dé láti Madras ní Íńdíà. Ẹni tó kọ ọ́ ní akọ̀wé ni òun ní ọ́fíìsì èbúté, pé póùn ogún ni owó oṣù òun lọ́dún kan, òun kò ní oyè yunifásítì. Srinivasa Ramanujan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé ìṣirò nìkan ló ń kà, tó sì ń fìdí rẹmi nínú gbogbo ìyókù. Ó to fọ́múlà bí ọgọ́rùn-ún sínú lẹ́tà náà láìsí ẹ̀rí kan. Kò fi bí ó ṣe ṣe é hàn!

Ramanujan ti kọ̀wé sí àwọn àgbà méjì mìíràn ní Cambridge ṣáájú, wọn kò sì ràn án lọ́wọ́. Hardy náà kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ni. Ó ti lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ ṣiṣẹ́, ó lọ gbá tẹ́níìsì, ṣùgbọ́n àwọn fọ́múlà yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lálẹ́, ó pe Littlewood, wọ́n jọ jókòó tì í. Òmíràn wà tí wọ́n ti mọ̀, òmíràn wà tí wọ́n lè fi agbára tú, òmíràn sì wà tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Kí ó tó di ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n ti mọ̀ pé ọba onímọ̀ ni ọkùnrin yìí. Èrò Hardy ni pé àwọn fọ́múlà náà ní láti jẹ́ òótọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ní àròjinlẹ̀ tó lè fi hùmọ̀ wọn bí wọ́n bá jẹ́ irọ́.

Kò rọrùn kó tó dé. Ẹ̀sìn Ramanujan kò fẹ́ kó sọdá òkun, ìyá rẹ̀ kò sì kọ́kọ́ gbà. Oṣù Kẹrin ọdún 1914 ni ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun àgbáyé sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin sí i. Iṣẹ́ wá di ti Hardy: báwo ni ẹ ṣe máa kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní "fi bí o ṣe ṣe é hàn" láìpa iná tó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ lè sọ bó ṣe le tó. Hardy kò fipá mú un. Ó kọ́ ọ ní ìwọ̀n tó lè gbé, òun náà sì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sọ pé èyí tí òun kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ náà ju èyí tí òun kọ́ ọ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe tó lókìkí jù ni ti pípín nọ́ńbà. Ẹ mú orógbó mẹ́rin. Ọ̀nà mélòó lẹ lè gbà pín in sí òkìtì? Mẹ́rin lójú kan, mẹ́ta àti ọ̀kan, méjì àti méjì, méjì, ọ̀kan, ọ̀kan, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà márùn-ún. Ó dà bí eré ọmọdé, àbí? Tí orógbó bá di igba, ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 3,972,999,029,388. Hardy àti Ramanujan rí fọ́múlà tó ń sọ iye náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1918. Ọ̀gágun MacMahon ti fi ọwọ́ ṣírò ti igba yìí láìlo fọ́múlà wọn, fọ́múlà náà sì bá a mu.

Òtútù, ogun àti àìrí oúnjẹ tí ẹni tí kì í jẹ ẹran lè jẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí dá Ramanujan wó. Àwọn dókítà ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Nígbà tó wà ní ilé ìtọ́jú ní Putney, Hardy lọ kí i. Kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ, ló bá ní nọ́ńbà takisí tí òun wọ̀ wá, 1729, kò ní láárí. Ramanujan ní rárá o, pé nọ́ńbà náà ló kéré jù nínú àwọn tó ṣeé kó jọ ní ọ̀nà méjì láti ara kúùbù méjì. Ẹ wò ó: méjìlá lọ́nà méjìlá lọ́nà méjìlá jẹ́ 1728, ẹ fi ọ̀kan lé e. Mẹ́wàá bákan náà jẹ́ 1000, mẹ́sàn-án jẹ́ 729. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn bàbá wa ìbá pè é, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìṣirò kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀.

Royal Society gbà á wọlé ní 1918, Trinity náà sì sọ ọ́ di Fellow lọ́dún kan náà. Ní 1919 ó padà sílé, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1920 ó kú. Ọmọ ọdún 32 ni. Nígbà kan Hardy fún àwọn onímọ̀ ní máàkì lórí ẹ̀bùn tí a bí mọ́ni: ó fún ara rẹ̀ ní 25, Littlewood 30, Hilbert ará Jámánì 80. Ó fún Ramanujan ní 100.

Ní ti ìyókù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Hardy kórìíra ogun yẹn. Nígbà tí Trinity gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bertrand Russell ní 1916 nítorí pé ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ilé náà di ahoro lójú Hardy. Ó kó lọ sí Oxford ní 1919, ó sì padà sí Cambridge ní 1931 gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í wo dígí. Tó bá dé òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìnura ni yóò fi bò ó. Ó ní òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń bá a ṣe awuyewuye. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Denmark lọ́jọ́ tí ìjì ń jà, ó fi káàdì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bohr pé òun ti yanjú ìṣòro Riemann, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tí ì yanjú di òní olónìí. Irọ́ ni. Èrò rẹ̀ ni pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òun rì pẹ̀lú irú ògo bẹ́ẹ̀ lórúkọ òun. Ọkọ̀ náà sì gúnlẹ̀.

Ní 1939 àrùn ọkàn kọlù ú. Agbára ìṣirò ti lọ, ó sì mọ̀. Ìgbà náà ni ó kọ ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó fi ní òun kò wúlò, ó jáde ní 1940. Ìwé tó dùn, tó sì ba ni lọ́kàn jẹ́. Ó fi àwọn prime number ṣe àpẹẹrẹ ohun tó mọ́ tí ogun kò lè kàn. Ṣùgbọ́n ní 1973, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Clifford Cocks, tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ nínú àṣírí, fi prime number ṣe kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi 61 lọ́nà 53, ẹ ó rí 3233 kíá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fún yín ní 3233 pé kí ẹ wá méjèèjì, ẹ ó jókòó. Tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá gùn tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta díjíìtì ńkọ́? Lórí ìṣòro yẹn ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ààbò owó tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù lé. Ológun náà ń lò ó.

Ní ọdún 1947, ayé sú Hardy, ó gbé oògùn oorun jẹ ju bó ti yẹ lọ. Ó bì í jáde, kò kú. Ara rẹ̀ kò sì yá mọ́ láti ìgbà náà. Royal Society ní àwọn yóò fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley, tó ga jù lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e fún un, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ni ó dákẹ́.

Gertrude ló ń tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo oṣù tó gbẹ̀yìn náà. Lálaalẹ́, obìnrin olójú kan yìí yóò jókòó tì í, yóò sì ka orí kan fún un nínú ìwé ìtàn ẹgbẹ́ kiríkẹ́ẹ̀tì Cambridge.